Ọ̀fọ̀ Òǹkọ̀wé Láàrin Ìlú àti Oko: Ikú Akínwùmí Ìṣọ̀lá

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Èrèlè, ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá dágbére fún ayé ní ìlú Ìbàdàn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Kò tí ì pé oṣù méje tí Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí, ẹni tí ó kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin, papò dà ní oṣù Agẹmọ ọdún 2017. Ní ọdún 2019, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, baba ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè Yorùbá, tẹ̀ lé wọn. Láàrin ọdún méjì péré, ìran àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n gba kálàmù lẹ́yìn Fágúnwà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Bí omijé ti ọ̀kan bá ń gbẹ lọ, òmíràn á tún dé.

Ọ̀ràn kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ ní yíyẹ̀ wò. Yorùbá mọ bí a ti ń ṣọ̀fọ̀ ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò péjọ, wọn yóò sun ìrèmọ̀jé, wọn yóò sì ṣe ìṣípà fún un, kí ó lè yé òkú àti alààyè pé àjọṣe tí ó wà láàrin wọn ti yí padà. Bí babaláwo bá kú, àwọn awo ní ètùtù tiwọn. Ọba ní tirẹ̀, eléégún ní tirẹ̀. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kò ní nǹkan kan. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ láàrin wa tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1929 ni Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin aláìsàn kan ń kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n ń kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀. A jẹ́ pé ọ̀fọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn òǹkàwé ìtàn àròsọ Yorùbá ṣe, fún ẹni tí kò sí láyé rí ni wọ́n ṣe é.

Ọ̀fọ̀ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dé ní ọjọ́ keje oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 1963. Daniel Olórúnfẹ́mi Fágúnwà wà lẹ́nu ìrìn àjò iṣẹ́ ìwé títà nígbà tí ó rì sínú odò ní agbègbè Bida. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Kàkà kí àwọn ènìyàn sọ pé ẹsẹ̀ ló yẹ̀ é, ìtàn mìíràn ni wọ́n gbé kalẹ̀: wọ́n ní àwọn iwin inú ìwé rẹ̀ ló wá mú un lọ. Ìtàn náà kò tí ì parẹ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi í ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ńlá ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí kò sí ìrèmọ̀jé fún irú òkú bẹ́ẹ̀, àwọn òǹkàwé lọ sínú ìwé olóògbé náà gan-an, wọ́n sì yọ ìsìnkú rẹ̀ jáde níbẹ̀.

Ti Ìṣọ̀lá kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí iwin nínú ìwé rẹ̀ tí yóò wá mú un. Ènìyàn ló kún inú wọn: akẹ́kọ̀ọ́, àgbẹ̀, ẹrú, ìyálóde, ọmọ kékeré tí ń sá fún iṣẹ́ oko. Ibi tí ó sì ti rí àwọn ènìyàn náà ni oko Ìbàdàn.

Abúlé Lábọ̀dé ni wọ́n bí i sí ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1939. Ilé-ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní Lábọ̀dé ló sì ti kọ́kọ́ mọ̀wé kà. Irú abúlé bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà yí Ìbàdàn ká. Ẹni tí ó bá gba Mọ́níyà lọ sí Akínyẹlé yóò rí wọn. Ẹni tí ó gba Ìyànà Ọ̀fà lọ sí Lálúpọn ní Lágelú, ẹni tí ó gba Ẹgbẹ́dá lọ sí Ẹ̀rúnmu, ẹni tí ó dorí kọ Akàǹràn ní Ọ̀nà-Àrà, yóò rí wọn bákan náà: ilé alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò, ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, mọ́sáláàsì kékeré, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, àti igi ńlá kan tí àwọn àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀.

Láti mọ ohun tí ọ̀fọ̀ túmọ̀ sí ní irú ibẹ̀, ó di dandan kí a mọ bí àwọn abúlé náà ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun láti oríṣiríṣi ìlú tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ìlú ogun kò lè jẹ ìkógun nìkan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ iṣu àti àgbàdo. Àwọn olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í pín igbó láàrin ara wọn, wọ́n ń kó ẹrú àti àwọn ọmọ abẹ́ wọn lọ síbẹ̀ láti dáko. Orúkọ ẹni tí ó ni oko náà ni ọ̀pọ̀ nínú abúlé wọ̀nyí ń jẹ́ títí di òní. Nígbà tí kòkó dé ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun sì ti parí, àwọn ọmọ jagunjagun náà tẹ̀ lé ẹrú bàbá wọn lọ sí oko, wọ́n di àgbẹ̀ alákòókò. Síbẹ̀ wọn kò gbà pé oko di ilé. Agboolé wà ní Ìbàdàn. Abúlé jẹ́ ibi iṣẹ́. Ọmọ Ìbàdàn lè lo ogójì ọdún ní abúlé, kí ó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọdún Iléyá tàbí ọdún egúngún bá dé, ìlú ni yóò lọ. Bí ó bá sì kú, wọn yóò gbé e wá sí agboolé láti sin ín. Ẹkún lè bẹ̀rẹ̀ ní oko. Ilé ni ìsìnkú wà.

Abúlé a máa gbé ènìyàn, a máa bọ́ ọ, a máa fi kòkó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìlú ló ni òkú àti oríkì. Ohun tí Ìṣọ̀lá ṣe nínú Ogún Ọmọdé, tí ó jáde ní ọdún 1990, ni pé ó yí ètò náà padà. Abúlé ni ilé nínú ìwé yẹn. Òwe ni orúkọ rẹ̀ ti wá: ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìtàn ìgbà èwe ní oko kòkó ni, ti àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n jọ ń dẹ̀gbẹ́ kéékèèké, tí wọ́n jọ ń hùwà ipá, tí ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ká nígbà tí ìwé kíkà àti iṣẹ́ ìlú dé. Kò sí akọni nínú rẹ̀, kò sí ogun. Àwọn kan láàrin àwọn alátùnyẹ̀wò ka Ó Le Kú sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù lọ. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún Ọmọdé ni ìwé tí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè kọ ọ́ fún un.

Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rántí ohun tí àwọn abúlé wọ̀nyí ń là kọjá ní ìgbà èwe ẹni tí ó kọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1940, àrùn tí ó ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú bẹ́ sí oko Ìbàdàn. Ìjọba òyìnbó rán àwọn òṣìṣẹ́ láti máa gé igi tí àrùn mú lulẹ̀. Igi tí bàbá gbìn, tí ọmọ ń fi sanwó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gé e lójú onílé. Inú bí àwọn àgbẹ̀. Láti inú ìbínú yẹn ni ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn àgbẹ̀ ti jáde, òun náà ni ó sì tẹ̀ lé Adégòkè Adélabú lẹ́yìn.

Ikú Adélabú gan-an jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a fi wo ọ̀fọ̀ àwọn ará oko. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1958 ni jàǹbá ọkọ̀ pa á ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn kò gbà pé jàǹbá lásán ni. Láàrin ìlú àti káàkiri abúlé, wọ́n dojú ìjà kọ àwọn tí wọ́n fura sí, wọ́n ń wá àwọn agbowó-orí àti àwọn alátakò kiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ dé ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Àwọn tí wọ́n bínú bẹ́ẹ̀ fún Adélabú mọ̀ pé ẹni tí ń gba ọ̀rọ̀ wọn sọ ní ìlú ni wọ́n pàdánù. Ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ abúlé sọ nínú ìwé kú, ìkéde orí rédíò àti ìwé ìròyìn ló pọ̀ jù nínú ọ̀fọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí irú rògbòdìyàn ọdún 1958 tún ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì tọ́ ní rírò.

Láti Lábọ̀dé, Ìṣọ̀lá lọ sí Wesley College ní Ìbàdàn, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní ọdún 1905. Ó tún lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni o: Faransé ni ọkùnrin tí gbogbo Yorùbá mọ̀ sí ọ̀gá èdè Yorùbá kọ́kọ́ gboyè nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Yunifásítì Èkó láti ṣèwádìí lórí Ṣàngó-pípè, kí ó tó di olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ibi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1991.

Nígbà tí ó ṣì ń kọ́ Faransé ní Ìbàdàn, ní 1961 sí 1962, ló kọ eré onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Eré yìí ló sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ fún àwọn tí kò lè kàwé pàápàá, nítorí pé ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e kiri, ó sì di fíìmù. Oko Ìbàdàn tún wà nínú rẹ̀, oko ti ìgbà ẹrú. Samuel Johnson kọ ọ́ pé Ẹfúnṣetán, Ìyálóde kejì ní Ìbàdàn, ní ẹrú tí ó tó 2,000 nínú oko rẹ̀ nìkan, láìka àwọn ti ilé mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo kú lórí ìkúnlẹ̀. Ní ọdún 1874, Ààrẹ Látòósà gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ikú sì bá a nínú ilé ara rẹ̀. Ìṣọ̀lá sọ obìnrin yìí di ìkà tí kì í jẹ́ kí ẹrú rẹ̀ kankan bímọ.

Ọ̀fọ̀ kò ní kí a dákẹ́ lórí èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, òpìtàn ọmọ Yorùbá, fi hàn nínú iṣẹ́ tirẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wà nídìí ìṣubú Ẹfúnṣetán: ó lówó, ó ń yá àwọn olórí ogun ní ìbọn àti ohun ìjà, wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sì fara mọ́ ogun àìnídìí tí Látòósà ń jà. Lójú òpìtàn, àwọn tí wọ́n pa á ló ni ìtàn tí wọ́n fi sílẹ̀ nípa rẹ̀. Eré Ìṣọ̀lá lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ Ìbàdàn bá gbọ́ orúkọ Ẹfúnṣetán lónìí, obìnrin orí ìtàgé yẹn ló ń rí, kì í ṣe obìnrin ọdún 1874. Òǹkọ̀wé tí ó bá lè ṣe èyí fún òkú ẹlòmíràn, ó tọ́ kí a máa kà á pẹ̀lú ìfẹ́, kí a sì máa bá a jiyàn.

Ó Le Kú jáde ní ọdún 1974. Ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ọkàn rẹ̀ pín sí ọ̀dọ̀ wọn ni. Àkókò tí ìwé náà dé ṣe pàtàkì. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000, ó sì ju 800,000 lọ láàrin ọdún kan. Ọmọ abúlé tí ó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún yẹn ti pé bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tí Ó Le Kú dé ọjà. Ó ti kúrò lóko, ó ti di olùkọ́ tàbí akọ̀wé ní ìlú, òun náà ń wá ẹni tí yóò fẹ́. Ó rí ara rẹ̀ nínú ìwé Yorùbá, láìsí igbó irúnmọlẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àpárá àti ẹnà irú èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù ní ọdún 1997, tí Yẹmí Ṣódìmú ṣe Àjàní, àwọn ọmọbìnrin tí a kò tí ì bí ní 1974 bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìró kúkúrú àti bùbá. Àwọn aránṣọ sọ aṣọ náà ní Ó Le Kú. Títí di ìsinsìnyí, ẹni tí kò ka ojú ìwé kan rí nínú ìtàn náà lè wọ orúkọ rẹ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó.

Òun àti Kèlání tún ṣe Kòṣeégbé, Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀. Nínú Ṣaworoidẹ, tí ó jáde ní 1999, ọba Jógbo kọ̀ láti mu májẹ̀mú àwọn bàbá ṣẹ nítorí owó tí ó fẹ́ rí lára àwọn agégẹdú. Àwọn ará ìlú ńlá rí ìjọba ológun nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀bá igbó kò nílò ìtumọ̀ kankan, nítorí pé wọ́n mọ ìró ẹ̀rọ tí ń gé igi. Fálétí ló ṣe Baba Ọ̀pálábá nínú fíìmù náà. Ẹni tí ó bá wò ó lẹ́yìn oṣù Èrèlè 2018, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ ni ó ń gbọ́, tí àwọn méjèèjì sì ti lọ.

Ó tún ṣe iṣẹ́ ìtúmọ̀. Ní ọdún 1994, ó mú eré Wọlé Ṣóyínká lórí ẹni tí ó yẹ kí ó bá Aláàfin kú padà wá sí Yorùbá, ó pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ tí ó ti gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá ló tún di ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́.

Kí wá ni àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń sunkún lé lórí gan-an? Kì í ṣe ọkùnrin náà nìkan, nítorí pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kì í ṣe àìpé ọjọ́. Ẹ̀rù tí ó wà nínú ọ̀fọ̀ yẹn ni pé, ta ni yóò máa ka ìwé wọ̀nyí? Ìṣọ̀lá kò fi ọ̀rọ̀ yìí bò rí. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń kọ́ni ni ó ń kìlọ̀ fún àwọn òbí tí wọ́n kọ̀ láti máa fi Yorùbá bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀ tí ó gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Kódà, wọ́n ta wọ́n yọ. Èsì rẹ̀ wà nínú ìwé, ó sì dúró síbẹ̀. Ní oṣù Bélú ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Bélú ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò.

Ní ojú ọ̀nà Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lónìí, ìlú ti ń gbé oko mì. Ibi tí kòkó wà tẹ́lẹ̀, àmì ààlà ilẹ̀ àti fẹ́ǹsì bíríkì ló wà níbẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ láàrin wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú kíláàsì. Ní ọdún 2016, nígbà tí Ìṣọ̀lá ṣì wà láàyè, Ogún Ọmọdé jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Pamela Olúbùnmi Smith ló túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ó sì gbé Lábọ̀dé dé ibi tí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ kò dé rí. Ọmọ kan tí wọ́n bí sí ilé tuntun lórí oko kòkó àtijọ́ lè bá a pàdé lọ́jọ́ kan, kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì ka bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣeré lórí ilẹ̀ tí òun náà ń tẹ̀, kí ó sì wá máa béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ohun tí wọ́n ń pe àwọn eré náà.